A Kì Í Pe Orúkọ Lórí Àpáta

Nílùú wa, wọ́n máa ń sọ pé àpáta ló pọ̀n wá dàgbà. Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo ti wá, ní òdìkejì ààlà, lápá àwọn tó ń sọ Faransé, níbi tí àwọn òkè ńláńlá ti dúró sẹ́yìn ilé bí aláboyún tó ń sinmi. Nígbà ogun Dàhòmì, inú ihò àpáta wọ̀nyẹn ni àwọn baba ńlá wa sá sí. Ẹnì kan á dúró lókè láti máa ṣọ́ ọ̀nà. Bí ó bá rí ọmọ ogun, kò ní pariwo. Òkúta méjì ni yóò máa kàn mọ́ra wọn, kọ́kọ́kọ́kọ́, láìsinmi. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á wọ ihò, á dojú bolẹ̀, kò sì ní mira títí ilẹ̀ á fi rọ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré, eré tí a máa ń ṣe nìyẹn. Bàbá mi ló máa ń kan òkúta fún wa. Ọmọ tó bá mira, ogun ti kó o nìyẹn, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wo àwọn tó kù.

Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé òun ló gba etí mi. Tàbí òun ló gba ẹ̀mí mi là. Èmi àti Bọ́lá, tí a jọ kọ́ṣẹ́ ewé, kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀ títí dòní.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe rìn dé Àkúrẹ́. Ọ̀nà gùn, àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró pọ̀, mo sì dé. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú ni ìyá mi fi mí lé Màmá Dúpẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ Oǹdó ni Màmá, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ló ń gbé, ewé ló sì ń tà, ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó. Àdéhùn tí wọ́n ṣe kò le: kí n máa sìn ín, kí ó máa kọ́ mi ní ewé, bí mo bá mọ̀ ọ́n tán kí ó ṣe fíríìdọ̀mù fún mi.

Fíríìdọ̀mù àwọn elẹ́wé yìí kò ní ariwo nínú. Ọmọ iṣẹ́ á fi ọwọ́ ara rẹ̀ já ewé wá láti orí àpáta. Á gbé e wá síwájú àwọn elẹ́wé yòókù, á kúnlẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ á gba ewé náà, á gbàdúrà sí i, á dá a padà sí i lọ́wọ́, á wá pe orúkọ rẹ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́, orúkọ tirẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹni tí wọn kò bá pè báyìí, kò lè pàtẹ ewé ní ọjà kankan láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó. Wọ́n á tú àtẹ rẹ̀ ká.

Nígbà tí ìyá mi gbọ́ èyí, ó gbá mi lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ bàbá rẹ níbẹ̀. Nílé níbí, kò sí ẹni tó ń pè é mọ́."

Ohun tí mo torí rẹ̀ lọ nìyẹn. Mi ò torí owó lọ, mi ò torí ọkọ lọ.

*

Mo ti rò pé Yorùbá ni wọ́n, Yorùbá ni èmi náà, ó tán. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí àwọn obìnrin tó wà ní ìsọ̀ ewé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ọ̀kan nínú wọn.

"Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀! Bí ẹni ń kọrin!"

"Ìyá Dúpẹ́, níbo lẹ ti rí eléyìí?"

"Kútọ̀nù," ni Màmá dáhùn. Ó ń já ewé kókò lọ, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Mi ò dé Kútọ̀nù rí láyé mi. Ibẹ̀ jìnnà sí Ṣábẹ̀ẹ́ bí ibi tí a kò mọ̀ ṣe máa ń jìnnà. Ṣùgbọ́n ojú máa ń tì mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Mo dákẹ́. Bí mo ṣe di Kútọ̀nù nìyẹn. Kútọ̀nù, pọn omi. Kútọ̀nù, gbé apẹ̀rẹ̀. Kútọ̀nù, sọ Faransé díẹ̀ ká gbọ́. Mo lọ ilé ìwé fún ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó mú mi kúrò, nítorí náà mo lè kí ènìyàn, mo lè ka orúkọ oṣù. Mo ń ka oṣù fún wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí ìgbà tí ọ̀bọ bá ń ṣeré.

Àwọn kan náà tó ń fi mí rẹ́rìn-ín, bí wọ́n bá ń lọ sílé, "ulé" ni wọ́n máa ń pè é. Bọ́lá, ọmọ àbúrò Màmá tó ti Oǹdó wá, ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí àwọn ará Àkúrẹ́ kò gbọ́. Kò sí ẹni tó fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá mọ̀ pé ẹni tó bá wà nílé bàbá rẹ̀ kì í ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

*

Àpáta tí a ti máa ń já ewé wà lójú ọ̀nà Ìlárá-Mọ̀kín, a máa yà wọ inú oko kí a tó rí i. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹkún gbọ̀n mí. Ó dúdú, ó borí igi, omi ti fa ìlà funfun sí i lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rò pé ilé ni mo wà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpáta wa. Tiwa kún fún ihò, ó dà bí ilé. Tiwọn dán, ó gbòòrò, ihò kan ṣoṣo tí ènìyàn lè wọ̀ ló wà lára rẹ̀, lókè pátápátá, nínú ibi tó ti sán. Àwọn kòtò kéékèèké wà lórí rẹ̀ tí omi òjò máa ń dúró sí. Etí àwọn kòtò wọ̀nyẹn ni rinrin àti òdúndún máa ń hù sí.

Màmá mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé àpáta náà. Ọ̀sán ni, ó jó mi. Ó tún gbé e lé orí rinrin tó hù sínú eèpẹ̀ díẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ó tutù bí ètè ọmọdé.

"O rí i? Ohun tó bá lè tutù lórí ohun tó gbóná báyìí, kí ni ooru ara ọmọ fẹ́ fi ṣe? Èyí tó ń hù lẹ́yìn balùwẹ̀, ọbẹ̀ ni kí wọ́n fi sè. Ti orí àpáta ni oògùn."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ní kí n bọ́ tèmi.

"A kì í pe orúkọ níbí. Ti ẹlòmíì, tìẹ, ti ajá pàápàá. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ sọnù síbí láyé àtijọ́. Ó pe ọmọ náà títí ó fi di òkúta. Orúkọ tó bá gbọ́, á rò pé ti ọmọ òun ni, á pè é padà. Tó bá ti pè é padà, ó ti gbà á nìyẹn. Ẹni tó ni orúkọ náà kò ní pẹ́ wá bá a."

Mo béèrè pé, "Ṣé òótọ́ ni, Màmá?"

"Èmi kẹ̀? Ọmọ Áńgílíkà ni mí. Mo wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Mi ò gba irú ìyẹn gbọ́." Ó tún aṣọ rẹ̀ ró dáadáa, ó wò mí. "Ṣùgbọ́n tí o bá pe orúkọ mi níbí, màá gbá ẹ létí."

Bí a bá fẹ́ pe ara wa, òkúta ni a máa ń kàn lẹ́ẹ̀mẹta, díẹ̀díẹ̀. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Ó túmọ̀ sí pé máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀.

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Àpáta tiwa ní ihò, ìdí nìyẹn tí ìtàn wa fi jẹ́ ti ẹni tó fara pamọ́. Tiwọn dán, ó máa ń dá ohùn padà, ìdí nìyẹn tí ìtàn wọn fi jẹ́ ti ẹni tó ń pe ènìyàn. Oǹdó kò ní irú àpáta bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, ilẹ̀ pupa tó jinlẹ̀ ni, ilẹ̀ kòkó, bẹ́ẹ̀ Oǹdó ni wọ́n ti máa ń ra ewé àpáta jù. Ohun tí ènìyàn kò ní ló máa ń gbà gbọ́ jù. Bí ilẹ̀ bá ṣe rí ni ẹnu àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ máa ń rí, oògùn wọn náà bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mo gbé ìtàn ilẹ̀ kan wá sórí ilẹ̀ mìíràn, mi ò sì mọ̀ pé ẹrù ni.

*

Inú ilé ewé ni mo ń sùn. Gbogbo aṣọ mi ń rùn ewé, irun mi ń rùn ewé. Ọjọ́ ìsinmi, Màmá àti Bọ́lá á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi á dúró láti wọ́n omi sí ewé kí ó má baà rọ. Mo máa ń bá rinrin sọ̀rọ̀ nígbà náà, ní ohùn mi, bí mo ṣe ń sọ ọ́ nílé. Kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi máa ń fi fóònù aládùúgbò wa pè mí.

"Ṣé ara le?"

"Ara le, Ìyá."

"Ṣé o ń jẹun?"

"Mo ń jẹun."

"Ṣé wọ́n ti pè ọ́?"

"Ó kù díẹ̀."

Ìgbà gbogbo ló máa ń béèrè rẹ̀ gbẹ̀yìn, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ti ilẹ̀kùn.

Mi ò ní purọ́ pé kò sí ọjọ́ tó dára. Mi ò lè polówó ọjà, ohùn mi kì í jáde. Ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń fi ewé kókò wé rinrin tí kò fi ní rọ kó tó dé Oǹdó. Tíṣà kan wà ní Oǹdó, obìnrin, tí ara ọmọ ọmọ rẹ̀ máa ń gbóná. Lọ́jọ́ kan ó dé ìsọ̀ Màmá, Bọ́lá sáré dìde láti dá a lóhùn.

"Rárá," ni tíṣà náà wí. "Èyí tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́. Ewé tirẹ̀ máa ń tutù délé."

Mo di ewé fún un. Gbogbo ọ̀nà padà sí Àkúrẹ́, nínú takisí tí a há ara wa mọ́, mo ń rẹ́rìn-ín síta fèrèsé.

Bọ́lá yọ ṣùtì. "Ó ku kí wọ́n fi ẹ́ jẹ ìyálọ́jà."

Ẹ̀yìn mi ni Bọ́lá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n Bọ́lá ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fíríìdọ̀mù fún. Màmá pe orúkọ rẹ̀ ní àpèjá, ó pe ti bàbá rẹ̀, ó fi oríkì lé e. Èmi ni mo wẹ ewé tí ó já. Nígbà tí mo béèrè tèmi, Màmá ní, "Tìẹ ń bọ̀. Àbí o fẹ́ sá lọ ni?" Ọdún yẹn kọjá. Òmíràn náà kọjá.

*

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń fọ́ òkúta dé. Ẹ̀yìn àpáta náà lọ́hùn-ún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fọn fèrè, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ilẹ̀ á mì, tíípà á bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta lọ. Wọ́n ní ilé ni wọ́n fẹ́ fi kọ́, ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Eruku funfun ń bọ́ sórí ewé wa, a máa ń fọ̀ ọ́ kí a tó tà á.

Màmá ní, "Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni wọ́n wà. Wọn ò ní dé ibí."

Ọjọ́ tí wọ́n dé ibí, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Rinrin tú jáde lókè, níbi tí àpáta ti sán. Mo gun ibẹ̀ lọ. Bọ́lá wà nísàlẹ̀ létí ọ̀nà, ó ń fọ èyí tí òun ti já. Mo gbọ́ fèrè, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ fèrè. Mo ń já ewé mi lọ. Mi ò mọ̀ pé lọ́jọ́ náà, apá ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n gbé ẹ̀tù sí. Bọ́lá rí àwọn ènìyàn tó ń sá, tí wọ́n ń ju aṣọ pupa pé kí ẹni tó wà nítòsí kúrò.

Ó mú òkúta méjì. Ẹ̀rù bà á. Kò kàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án láìsinmi.

Kọ́kọ́kọ́kọ́kọ́kọ́.

Ara mi kò bi mí léèrè. Kí n tó mọ̀, mo ti wà nínú ihò náà, mo ti dojú bolẹ̀. Rinrin fọ́ lábẹ́ àyà mi, ó tutù wọ inú aṣọ. Mo ń gbọ́ ohùn bàbá mi bí ìgbà tí ó ń bá wa ṣeré. Má mira. Ẹni tó bá mira, ogun kó o.

Mi ò mira.

*

Nígbà tí ẹ̀tù ti bú tán, ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ló fà mí jáde. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, kò sí ohùn nínú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà tí a máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Òkúta tó tó odó ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ihò, ó gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tó ń dúpẹ́. Inú etí mi ń dún bí agogo tí ẹnì kankan kò lù.

Ní ọsibítù, etí ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì jókòó, ó mú bírò.

"Màmá, kí ni orúkọ ọmọ yín?"

"Kútọ̀nù," ni Màmá wí.

"Orúkọ ìlú nìyẹn, Màmá. Orúkọ rẹ̀ ni mo bi yín."

Màmá wo Bọ́lá. Bọ́lá wo ilẹ̀.

"Bí a ṣe ń pè é nìyẹn, dókítà mi. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀."

"Látìgbà wo ló ti wà lọ́dọ̀ yín?"

Èmi ni mo lanu, mo sọ orúkọ náà, tèmi àti ti bàbá mi. Mi ò gbọ́ ohùn ara mi dáadáa, mo kàn rí i pé nọ́ọ̀sì kọ nǹkan sílẹ̀. Màmá tẹrí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ẹ́?"

Lọ́jọ́ kejì, ó mú ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi. "Kútọ̀nù, jókòó kí o jẹun."

Etí òsì kò padà mọ́.

Nígbà tí mo lè rìn dáadáa, Bọ́lá wá jókòó tì mí, ó ka oríṣìíríṣìí ẹ̀bi sílẹ̀, kò sì gbé ọ̀kankan fún ara rẹ̀.

"Mo kan òkúta fún ẹ, o ò sọ̀ kalẹ̀. Inú ihò lo wọ̀ lọ! Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Bí o ṣe kàn án yẹn, nílé wa, pé kí ènìyàn fara pamọ́ ni."

"Ṣé a wà nílé yín ni?"

"Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, òkúta ìbá pa mí lójú ọ̀nà."

"Tí o bá tètè sọ̀ kalẹ̀, wàá ti dé ọ̀dọ̀ mi kí ó tó bú. Mo dúró, àbí mi ò dúró? Mo tún pariwo."

"Kí lo pariwo?"

"Mo ní, Sá! Sá!"

"Atẹ́gùn ti gbé e lọ. Kí ló dé tí o ò pe orúkọ mi? Ènìyàn á gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láàárín ariwo."

"A kì í pe orúkọ lórí àpáta." Ó fi ìka rẹ̀ fa ìlà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Èwo ni ǹ bá tilẹ̀ pè? Mi ò mọ̀ ọ́n."

*

Mi ò sọ fún ìyá mi. Bí ó bá sọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́, mo máa ń sọ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Mo kọ́ láti máa gbé fóònù sí ọ̀tún.

"Ṣé wọ́n ti pè ọ́?"

"Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, Ìyá."

Àwọn elẹ́wé kò lè lọ sórí àpáta mọ́. Màmá rí ògiri kan ní Alágbàká, lẹ́yìn ilé ńlá kan tí táǹkì omi rẹ̀ ń jò. Rinrin hù síbẹ̀ bí irun. Ibẹ̀ ni ó ní kí n máa lọ. Mo rántí ọ̀rọ̀ tó sọ nípa èyí tó ń hù lẹ́yìn balùwẹ̀, mo wò ó lójú. Ó mọ ohun tí mo ń rò.

"Rinrin ni rinrin," ni ó wí. "Kí wọ́n lọ fọ́ àpáta mìíràn fún wa ni?"

Ìyá ọmọ kan tó wá láti Oda dá ewé padà. Ó ní òun lò ó, ara ọmọ òun kò rọ̀. Màmá sọ fún un pé ara ọmọ rẹ̀ ló gbóná jù. Obìnrin náà dúró síbẹ̀ pẹ́, ewé lọ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Lẹ́yìn tí ó lọ, mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá. Mo béèrè fíríìdọ̀mù mi.

"Àpáta ti fọ́," ni ó wí. "Níbo lo ti fẹ́ já ewé? Ṣé ti ara ògiri ni wọ́n fi ń ṣe é? Ṣe sùúrù. Ọlọ́run á ṣe é."

Ọjọ́ náà ni ohùn kan nínú mi, tí kì í jáde, jáde. Kò pariwo. Ó kàn sọ fún ẹsẹ̀ mi pé kí ó máa lọ.

Mo wọ takisí dé ibi tí a máa ń yà. Àpáta kò sí mọ́, kòtò funfun ńlá ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ń jẹ òkúta, eruku ń fò. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ dá mi dúró.

"Kí lo ń wá?"

"Ewé."

"Ewé nínú eruku?" Ó tẹjú mọ́ mi. "Dúró ná. Ṣé ìwọ kọ́ ni ọmọ inú ihò?"

Mo ní èmi ni.

Ó wo ẹ̀yìn, bóyá ọ̀gá rẹ̀ wà nítòsí. "Ó kù díẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n máa mú un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Yára."

Ó kù díẹ̀ lóòótọ́. Ihò mi wà lára ògiri àpáta tó kù, ó ṣí sílẹ̀ bí ẹnu tí wọ́n ti yọ gbogbo eyín rẹ̀. Omi kán sílẹ̀ nínú rẹ̀, rinrin hù síbẹ̀, kò pọ̀, funfun ni eruku fi bò ó. Mo fi ìdí aṣọ mi nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé e lọ sí ìsọ̀, mo gbé e lé ilẹ̀ níwájú Màmá, níwájú gbogbo àwọn elẹ́wé tó jókòó.

"Màmá, mo ti já a. Ti orí àpáta ni."

Obìnrin àgbà kan lára wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ewé náà.

"Ìyá Dúpẹ́, ó tutù o. Kí lẹ tún ń dúró dè?"

*

Oǹdó ni Màmá ti ṣe é, nílé ẹbí rẹ̀, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi. Àwọn elẹ́wé Oǹdó wà níbẹ̀, díẹ̀ nínú àwọn ti Àkúrẹ́ náà wá. Tíṣà tó máa ń ra ewé lọ́wọ́ mi jókòó sórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo ra aṣọ tuntun. Mo kúnlẹ̀.

Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé màá dojú kọ Màmá, kí n lè wo ẹnu rẹ̀, kí n sì fi etí ọ̀tún gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà níbẹ̀, wọ́n tì mí síhìn-ín, wọ́n tì mí sọ́hùn-ún kí olúkúlùkù lè ráyè rí mi. Nígbà tí a rọ̀ wọ̀ọ̀, Màmá ti dúró sí òsì mi. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó wúwo. Mo fẹ́ yí orí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́, bí wọ́n ṣe ń tẹ orí ọmọ tí wọ́n ń gbàdúrà fún.

Kíkùn bí ti oyin ni mo ń gbọ́. Mo ń wo ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Mo ń wo ẹnu tíṣà. Ẹnu rẹ̀ ṣí, gbogbo ẹnu ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Àmín ni. Ẹnì kan mú ọwọ́ mi láti ọ̀tún. Ewé tutù wọ àtẹ́lẹwọ́ mi, kíkùn náà tún dún díẹ̀. Wọ́n ń fà mí dìde, wọ́n ń gbá mi mọ́ra.

Ó ti tán.

Mo wá Bọ́lá rí nínú ilé ìdáná, ó ń bu oúnjẹ.

"Ṣé ó pè é?"

"Kí ni?"

"Orúkọ mi. Àti ti bàbá mi."

"Ó pè é kẹ̀. O ò gbọ́ ni?" Ó wo etí mi, ó gbé ojú kúrò. "Ó pè é. Ó ti ń fi kọ́ra láti òwúrọ̀."

"Pè é kí n gbọ́."

Ó lanu. Ó pa á dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

"Ó ti lọ lórí mi. Orúkọ yín le. Kútọ̀nù, má bínú. Gba, jẹun."

Mo gba oúnjẹ náà. Mo jẹ ẹ́.

Mo ní àtẹ tèmi báyìí, ní Oǹdó, kò sí ẹni tó lè tú u ká. Rinrin inú ọgbà àti ti ara ògiri ni mo ń tà, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ti orí àpáta ni. Àwọn tó ń rà á máa ń sọ fún ara wọn pé, "Ẹ lọ sọ́dọ̀ Kútọ̀nù." Mo ń dáhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é fún mi, ìyá mi pè. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé.

"Ṣé ara le?"

"Ara le, Ìyá."

"Ṣé o jẹun?"

"Mo jẹun."

"Ṣé wọ́n ti pè ọ́?"

"Wọ́n ti pè mí."

Mo gbọ́ tí ó fa imú.

"Wọ́n pe ti bàbá rẹ?"

"Wọ́n pè é."

"Níwájú èrò?"

"Níwájú èrò, Ìyá."

"Báwo ló ṣe dún lẹ́nu wọn?"

"Ó dún dáadáa."

Ó bú sẹ́kún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, láti orí bàbá mi, bọ́ sórí mi. Mo gbé fóònù kúrò ní etí ọ̀tún, mo gbé e lé òsì tí kì í gbọ́, mo sì dì í mú síbẹ̀ títí di ìgbà tó yẹ kí ó ti parí.